Orúkọ Mi Láàárín Ojú-ìwé Kìíní àti Ìkejì

Nígbà tí ìjọba ológun ń kógbá sílé ni kọ̀ǹpútà dé ọ́fíìsì tó ń bójú tó àwa olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀fà. Mẹ́ta ni wọ́n rà: ọ̀kan fún Ọ̀fà, ọ̀kan fún Ìjàgbó, ọ̀kan fún Ìlémọ̀nà. Wáyà tẹlifóònù ló so wọ́n pọ̀. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ń tọ́jú orúkọ àwọn olùkọ́ tirẹ̀. Bí ti Ọ̀fà bá fẹ́ mọ gbogbo wa, yóò bi àwọn méjì yòókù, yóò pa ìdáhùn wọn pọ̀ mọ́ tirẹ̀, yóò wá tò wá láti orí ẹni tó kọ́kọ́ wọṣẹ́. Ọ̀gá wa fẹ́ràn ẹ̀rọ náà débi pé ó fi léèsì bò ó. Ọmọ iléèwé wa ń jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, kọ̀ǹpútà ń wọ léèsì.

Lọ́jọ́ kan wọ́n ní ká wá fún àyẹ̀wò. Wọn yóò ka orúkọ gbogbo olùkọ́ láti ojú ẹ̀rọ. Ẹni tí a kò bá gbọ́ orúkọ rẹ̀, olùkọ́ ayédèrú ni, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀rù kò bà mí rárá. Mo ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà débi pé mo ti ń kọ́ ọmọ àwọn tí mo kọ́.

Ojú ẹ̀rọ kéré, kò lè gba gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ó ń mú wa wá lójú-ìwé lójú-ìwé, bó bá sì ti fẹ́ mú òmíràn wá ni yóò tún bi àwọn méjì yòókù léèrè. Ọ̀gbẹ́ni tó ń tẹ̀ ẹ́ jẹ́ ọmọ ìlú tó lọ kọ́ṣẹ́ ní Ìlọrin, tó sì gbé táì bọ̀. Bó bá ka ojú-ìwé kan tán, ọ̀gá yóò buwọ́ lù ú nínú ìwé rẹ̀ pé ó ti parí, kí ó tó tẹ òmíràn. Òfin ọ̀gá ni pé ojú-ìwé tí òun bá ti buwọ́ lù, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ padà síbẹ̀ mọ́.

Wọ́n ka ojú-ìwé kìíní. Ẹni tó gbẹ̀yìn níbẹ̀ ni ọkùnrin kan tó wọṣẹ́ ṣáájú mi díẹ̀. Èmi ló kàn. Mo ti ń tún ohùn ṣe. Bí ọ̀gbẹ́ni ṣe fẹ́ tẹ ojú-ìwé kejì báyìí ni Alhaji kan, àgbà ìlú, yà wọlé láti kí ọ̀gá. Ha! Ọ̀gbẹ́ni dìde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, táì rẹ̀ ń gbálẹ̀. Wọ́n béèrè ilé, wọ́n béèrè ọmọ, wọ́n béèrè oko, wọ́n tún béèrè orúnkún tó ń dun Alhaji. Gbogbo wa dúró bí ẹní ń retí rélùwéè.

Àwọn ará Ìlémọ̀nà ní tiwọn kò rí ẹni kí, iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Ẹ̀yìn náà ni mo wá mọ̀ pé ní àkókò yẹn gan-an ni wọ́n ń yọ olùkọ́ wọn kan tó ti kú kúrò nínú ẹ̀rọ tiwọn, olóògbé náà sì wà lókè ojú-ìwé kìíní. Bí wọ́n ti yọ ọ́, gbogbo wa sún sókè, bí ìgbà tí ẹni tó wà ní ìkángun bẹ́ǹṣì bá dìde. Èmi tó yẹ kí n wà lórí ojú-ìwé kejì wá bọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú-ìwé kìíní, èyí tí wọ́n ti kà tán.

Alhaji lọ. Ọ̀gbẹ́ni tẹ ẹ̀rọ, ó pe obìnrin tó wọṣẹ́ tẹ̀lé mi.

Mo ní, "Ẹ dúró, ẹ ti fò mí."

"Kọ̀ǹpútà kì í fo èèyàn, Àǹtí."

"Àbí èmi ni mo fo ara mi?"

Ó ka gbogbo rẹ̀ tán, n kò sí níbẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n padà wo ojú-ìwé kìíní. Ọ̀gá wò mí bí ẹni pé mo ní kó pọ oúnjẹ tó ti jẹ. "Mo ti buwọ́ lù ú," ni gbogbo ohun tó sọ. Inú bí mi gidigidi. Iṣẹ́ yìí ni mo fi ń bọ́ ọmọ.

Mo lọ bá ìyá mi, Alhaja tó ń ta abọ́ tánganran. Màmá kò mọ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ọ̀gá, wọ́n mọ bàbá ọ̀gá, wọ́n sì mọ bí a ṣe ń kí èèyàn. Lọ́jọ́ kejì, a jọ wọ ọ́fíìsì. Kí Màmá tó lanu, ọ̀gbẹ́ni ti wà nílẹ̀, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ti wà nílẹ̀.

"Ẹ ǹ lẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Bàbá rẹ ńkọ́? Ìyàwó ńkọ́? Ìkókó ti ń rá?"

Màmá kò jẹ́ kí wọ́n dìde. Mo bọ́ sídìí ẹ̀rọ, mo ká léèsì kúrò, mo tẹ bọ́tìnì tó ń dá ojú-ìwé padà. Ojú-ìwé kìíní yọ. Nísàlẹ̀ pátápátá, èmi rèé! Mo kígbe orúkọ ara mi títí àwọn tó wà níta fi sáré wọlé.

Ọ̀gá gbà, nítorí Màmá ṣì ń wò ó. Ṣùgbọ́n ojú-ìwé tó ti buwọ́ lù, kò ní fọwọ́ kàn án. Ó ní kí ọ̀gbẹ́ni kọ orúkọ mi ní tuntun sínú ẹ̀rọ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́, sí abẹ́ Ìlémọ̀nà tí olóògbé ti fi àyè sílẹ̀, kí n lè jáde lójú-ìwé tó gbẹ̀yìn. Bí mo ṣe di méjì nìyẹn. Ọ̀kan ń kọ́ ọmọ ní Ọ̀fà, ọ̀kan wà ní Ìlémọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. Màmá ń sọ kiri ọjà pé kíkí ni àwọn fi gba iṣẹ́ ọmọ àwọn padà.

Kò pẹ́, Ìlémọ̀nà kọ̀wé: kí ló dé tí n kò yọjú sẹ́nu iṣẹ́? Mo gun ọ̀kadà lọ ṣàlàyé. Wọ́n ní àlàyé mi dára, ṣùgbọ́n olùkọ́ Ìlémọ̀nà ló yẹ kó wá ṣe é, èmi ará Ọ̀fà ni. Wọ́n lé olùkọ́ Ìlémọ̀nà yẹn lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì pàṣẹ kí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀rọ bá orúkọ náà ní Ọ̀fà, ó yọ ọ́ níbẹ̀ pẹ̀lú.

Mo wọ ṣọ́ọ̀bù Màmá lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo ní wọ́n ti tún lé mi. Wọ́n kó abọ́ wọn wọlé, wọ́n ní kí n lọ bá àwọn fi áyọ́ọ̀nù lọ ìbòrí àwọn, a tún ní ẹni tí a fẹ́ lọ kí.