A Kì í Sanwó Iṣẹ́ fún Ọmọ Ẹni

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Ọkùnrin ni, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, iṣẹ́ wẹ́dà tí mò ń ṣe ní Igbó-Ọrà lòun náà ń ṣe. Ẹ̀rọ tí àwọn obìnrin fi ń rin pákí, èyí tí wọ́n fi ń fún omi rẹ̀ dànù kí wọ́n tó yan án ní gàrí, géètì, férémù ilẹ̀kùn, ìwọ̀nyí là ń ṣe. Ó mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ. N kò sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí.

Ọdún tí ìyá rẹ̀ kú ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ Ọsirélíà. Kì í ṣe ìlú ńlá wọn ló fẹ́ lọ. Ó ní ìjọba ibẹ̀ ń wá oníṣẹ́ ọwọ́ tí yóò lọ gbé ìgbèríko, níbi tí àwọn ọmọ onílẹ̀ fúnra wọn ti ń sá kúrò. Ẹni tó bá gbà láti gbé ibẹ̀ fún ọdún mélòó kan, tó sì ń ṣe iṣẹ́ tó mọ̀, wọn yóò jẹ́ kó di ará ilé. Ó fi àwòrán ìlú kan hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ, koríko gbígbẹ, abà onípáànù, katakata kan tí irin ẹ̀yìn rẹ̀ ti kán.

Mo ní, "Kí ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀?"

"Àlìkámà, Bàámi. Wọ́n sì ń sin àgùntàn."

"Ta ní ń bá wọn jó irin?"

"Wọn ò rẹ́ni. Ìdí tí wọ́n fi ń pè wá nìyẹn."

"O fẹ́ kúrò ní Ìbàràpá lọ sí Ìbàràpá òyìnbó."

Ó rẹ́rìn-ín. "Iná kì í lọ ní tiwọn."

Jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn wa bí a ti ń sọ̀rọ̀. Mo ní kó máa ṣe é, n kò sì fi ọ̀rọ̀ kún un.

Ó ṣe é fún ọdún kan àtààbọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló lọ ṣe ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Ìbàdàn kó tó gba máàkì tí wọ́n ń fẹ́. Wọ́n ní kó ya fọ́tò iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ránṣẹ́, ló bá gun ọ̀kadà kiri Lánlátẹ̀, Ìgàǹgán àti àwọn abà tó wà láàárín wọn, ó ń ya àwọn ẹ̀rọ tó ti ṣe. Ìyá kan wà tó ń ṣe gàrí lójú ọ̀nà Ìdèrè, oníbàárà wa láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí ọmọ mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìyá náà ní kó dúró, ó wọlé lọ wé gèlè tuntun, ó wá dúró ti ẹ̀rọ rẹ̀ bí ẹni tó dúró ti ọkọ rẹ̀. Ó ní kí òyìnbó rí òun náà. Fọ́tò yẹn wà nínú ohun tó fi ránṣẹ́.

Ohun tó kù ni lẹ́tà ọ̀gá. Àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ wò fẹ́ mọ ọ̀gá tó bá ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tó gba fíríídọ̀ọ̀mù, àti iye ọdún tó lò lọ́dọ̀ ọ̀gá náà. Èmi ni ọ̀gá náà. Ọdún mẹ́sàn-án ni. Ó lọ tẹ lẹ́tà náà, ó gbé e wá fún mi kí n fọwọ́ sí i.

Mo kà á. Díẹ̀díẹ̀ ni mo máa ń kàwé, nítorí mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kí n tó wọ ilé ìwé. Tíṣà ni ìyàwó mi. Òun ló fi mí sí ilé ìwé àgbà tí wọ́n ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́, tí mo bá sì délé, á tún mú mi jókòó kọ́ mi. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní nǹkan lédè Gẹ̀ẹ́sì, n kò gbọdọ̀ mi orí bí alángbá. Kí n dáhùn, kí gbólóhùn náà sì pé.

Lẹ́tà náà sọ iṣẹ́ tí ọmọ mi ń ṣe àti wákàtí tó ń lò lójúmọ́. Ó wá sọ pé iṣẹ́ tí a ń sanwó oṣù fún ni. Mo dúró síbẹ̀. Ọmọ mi rí i pé mo dúró, ó wolẹ̀. Mo rò ó. Èmi ni mo kọ́ yàrá tó ń sùn. Èmi ni mo ra ọ̀kadà tó ń gùn, àná kọ́ ni mo sì ti ń bọ́ ọ. Bí èyí kì í bá ṣe owó iṣẹ́, kí ló ń jẹ́ owó iṣẹ́? Mo fọwọ́ sí i.

Ó ní, "Wọ́n lè pè yín o, Bàámi."

"Kí ni kí n sọ?"

"Kí ẹ sáà sọ pé òótọ́ ni."

"Òótọ́ kúkú ni."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe parí nìyẹn. Ọmọ tí a tọ́ kì í jókòó kọ́ bàbá rẹ̀ ní ohun tí yóò wí. Èmi ni mo tọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n pè. Ọmọ mi lọ gbé ẹ̀rọ fún oníbàárà ní Lánlátẹ̀. Mo rí i pé nọ́ńbà náà gùn, kò jọ ti ibí. Mo pa ẹ̀rọ, mo bọ́ ìbọ̀wọ́. Obìnrin ni, ohùn rẹ̀ tutù, kò sì yára sọ̀rọ̀. Ó bi mí bóyá èmi ni mo kọ lẹ́tà, ibi tí ṣọ́ọ̀bù wà, iṣẹ́ tí ọmọ mi ń ṣe. Mo dáhùn ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sì pé. Gbogbo àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù dákẹ́, wọ́n ń gbọ́ mi. Inú mi dùn. Mo rò ó pé ìyá rẹ̀ ì bá gbọ́ mi lọ́jọ́ náà.

Ó wá bi mí pé èló ni mò ń san fún un lóṣù, ṣé báǹkì ni àbí ọwọ́.

Mo ní, "Madam, ọmọ mi ni. A kì í sanwó iṣẹ́ fún ọmọ ẹni."

Ó tún bi mí: ṣé ohun tí mò ń sọ ni pé kò gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ mi rí? Mo ní rárá, kò gbà á rí, ohun tí mo ní, tirẹ̀ ni. Mo tún fi kún un, èmi tí n kì í fi ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀. Mo ní ọmọ ọlọ́mọ tó bá gba fíríídọ̀ọ̀mù lọ́dọ̀ mi, tó sì dúró bá mi ṣiṣẹ́, mò ń sanwó fún un ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, n kì í yẹ̀ ẹ́. Mo sọ ọ́ kó má baà rò pé mo jẹ́ ẹni tó ń rẹ́ oníṣẹ́ jẹ. Ó dúpẹ́. Èmi náà dúpẹ́. Mo ní kó bá mi kí àwọn ará ilé rẹ̀.

Lọ́dọ̀ wa, bí bàbá bá ń ka owó iṣẹ́ lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ lóṣooṣù, ó ti sọ ọ́ di alágbàṣe nìyẹn. Oko bàbá mi ni mo ti ń kọ ebè iṣu títí mo fi lé ní ogún ọdún, kò san kọ́bọ̀ fún mi. Ọjọ́ tí mo ní mo fẹ́ kọ́ṣẹ́ irin, ó ta iṣu odindi àká kan láti fi mú mi lọ bá ọ̀gá. N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ìyẹn lórí fóònù. Ká sòótọ́, kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé ó yẹ kí n ṣàlàyé ohunkóhun.

Nígbà tí ọmọ mi dé, mo ní, "Wọ́n pè."

Ó ń fọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé. "Kí ni wọ́n bi yín?"

Mo tò ó fún un. Nígbà tí mo dé ibi owó oṣù, kò yíjú padà, ó ń fi ọṣẹ ra ọwọ́ tó ti mọ́.

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mo sọ."

"Ó dáa, Bàámi."

Kò bá mi jẹun. Ọbẹ̀ kò tíì tutù tí ó fi yé mi. Mo lọ bá a ní yàrá, mo ní kó bá mi pè wọ́n padà kí n tún un sọ. Ó ní wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn náà ni èsì dé. Ó kà á fún mi lórí fóònù rẹ̀. Wọ́n ní ọdún mẹ́sàn-án náà kò ṣeé kà sí iṣẹ́. Wọ́n ní lẹ́tà tí mo fọwọ́ sí àti ohun tí mo fi ẹnu mi sọ kò bára mu, nítorí náà àwọn kò ní wo ìwé rẹ̀ mọ́ títí ọdún mẹ́ta.

Ohun kan wà tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tó kà á tán, ara mi kọ́kọ́ fúyẹ́. Kò pẹ́ ju ìgbà téèyàn fi ń sín lọ, ṣùgbọ́n ó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo wo ojú rẹ̀.

Ìyá oní-gàrí ọ̀nà Ìdèrè gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá fún àtúnṣe. Ó ti gbọ́.

"Bàbá, wọ́n ní òyìnbó bi yín léèrè ọ̀rọ̀, ẹ sì bá a sọ òótọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Gbogbo ọdún tí mo ti mọ̀ yín, ẹ ò sọ̀rọ̀ tó kún ike. Ọjọ́ tó yẹ kí ẹ panu mọ́ lẹ wá rí ẹnu."

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ rín in. Ó wá sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ṣé ẹ ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é?"

Mo ní, "Ẹ gbé ẹ̀rọ yín sílẹ̀. Yóò ti yá ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀."

Ọmọ mi kò bi mí ní ìbéèrè yẹn rí. Mo fẹ́ kó bi mí. Mo ti ro èsì rẹ̀ sílẹ̀, ó sì pé: n kò mọ̀ọ́mọ̀. Kò bèèrè. Ó ń kí mi láàárọ̀, ó ń dọ̀bálẹ̀, ó ń pọn omi sílẹ̀ fún mi.

Mo fẹ́ tún un ṣe. Mo pè é ní ọjọ́ kan, mo ní láti oṣù yìí lọ, n ó máa sanwó fún un, n ó máa gba báǹkì san án. Ó wúwo lẹ́nu mi. Ó ní, "Bàámi, wọn ò ní gba lẹ́tà yín mọ́. Wọ́n ti kà yín sí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò dúró."

Kò sọ ọ́ bí èébú. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́, ìyẹn ló dùn mí jù. Láti Igbó-Ọrà dé Ẹ̀rúwà, kò sí ẹni tó pè mí ní elékèé rí.

Ẹ̀rúwà náà ló lọ. Ọkùnrin kan tí mo fi ọdún mẹ́wàá jù lọ gbà á síṣẹ́. Irin tí ọkùnrin náà bá jó, n kò ní gbé ìkòkò lé e. Ṣùgbọ́n ó ní ọ́fíìsì, ó ń gba báǹkì sanwó, ó sì ń fún wọn ní ìwé owó oṣù. Lójú àwọn tí ó fẹ́ lọ bá, ọjọ́ Mọ́ńdè tí ọmọ mi wọ ibẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láyé. Ó fi àwọn irinṣẹ́ sílẹ̀ fún mi. Ó ní wọ́n ní tiwọn.

Nígbà tí oṣù parí, ó ti mọ́ṣáláṣí dé lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó gbé àpòòwé kan sílẹ̀ níwájú mi. Owó oṣù àkọ́kọ́ ni. Gbogbo ọmọ ló ń gbé e wá fún òbí rẹ̀ kí wọ́n fi ṣàdúà fún un. Ọmọ mi kò gbé e wá rí, nítorí kò ní èyí tó fẹ́ gbé wá. Ìyá rẹ̀ ti kú kó tó rí i.

Mo gbé ọwọ́ lé e lórí. Mo mọ àdúà tí wọ́n ń ṣe sí irú rẹ̀, pé kí ọwọ́ tó mú un wá má ṣe gbẹ. Mo ṣe é. Mo wá tọrọ pé kí ọdún mẹ́ta yìí sáré, kí Olúwa ṣí ọ̀nà tó ń wá fún un, kó má wẹ̀yìn. Bí mo ti ń sọ ọ́, mò ń gbọ́ ọ létí ara mi pé ilé mi ni mò ń tọrọ kó ṣófo.

N kò tíì sọ ọ́ parí tó ti ṣe àmín.