Ọjọ́ Tí Mo Pe Oríkì Ọmọ Láti Kútọnu

Ọjọ́ tí a sọ ọmọ-ọmọ mi lórúkọ, tí èmi sì wà nínú ọjà Kútọnu, kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé.

Kí n tó kúrò ní Fìdítì lọ ra aṣọ, Sìdí, ìyàwó ọmọ mi, ra dátà tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn odi sórí fóònù mi. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́: “Ṣé fóònù náà á máa sọ Faransé ni?” Ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn.

Àfi bí Sìdí ṣe bímọ ṣáájú oṣù rẹ̀, nígbà tí aṣọ tí mo wá rà kò tíì pé kí n lè padà! Nílé wa, ìyá bàbá ọmọ ló ń kọ́kọ́ fi oríkì pe ọmọ. Bí n kò bá sí níbẹ̀, ìyá Sìdí ni yóò pè é, obìnrin yẹn sì ti ń tún ọ̀fun ṣe.

Bí mo ṣe ń dárò lọ́wọ́ nínú ọjà, fóònù mi dún. Gbogbo ilé wa ló wà nínú rẹ̀!

Sìdí ní, “Màmá, ẹ yá, Àáfà ti fẹ́ ṣàdúrà ìparí!”

Sìdí gbé fóònù sétí ọmọ. Mo figbe ta: “Àbẹ̀kẹ́!” Ọmọ tó ti ń ké láti àárọ̀ dákẹ́, ó lajú.

Àáfà ní, “Ẹ tún un pè, Ìyá.”

Ṣé kí n má tún un pè ni?

Nígbà tí mo délé, mo kúnlẹ̀ kí ìyàwó ọmọ mi. Ó pariwo, ó sá wọ yàrá. Kó máa sá lọ, mo ti dúpẹ́ tèmi.