Ẹsẹ Ìparí Orin Ọ̀nà Bétérou

“Kọ ọ́ kó tó sá lọ!”

Bàbá ló sọ bẹ́ẹ̀, wọn kò gbójú sókè. Ọwọ́ wọn ń yí kóró kajú kúrò lára èso rẹ̀: kóró sínú garawa, èso sílẹ̀. Omi rẹ̀ ń ṣàn lọ sábẹ́ àpótí tí wọ́n jókòó lé, òórùn kíkan gba gbogbo àgbàlá, eṣinṣin ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbádùn. Èmi dojúbolẹ̀ lórí ẹní, bíìkì ìkọ̀wé lọ́wọ́, ìwé kayé níwájú. Wọ́n á dá ìlà orin kan, wọ́n á fẹsẹ̀ lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á dúró dè mí. Bí mo bá pẹ́, wọ́n á ní, “Akọ̀wé mi, ṣé bíìkì yẹn ń sùn ni?”

Bàbá kì í ṣe bàbá tó bí mi. Aládùúgbò wa ní Goro ni wọ́n, àgbẹ̀ kajú àti iṣu, ògiri kan ṣoṣo ló pín àgbàlá wa. Orin ìyàwó ni gbogbo ènìyàn fi mọ̀ wọ́n. Bí ìgbéyàwó bá ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìyá ìyàwó á gbé obì wá. Bàbá kì í bèèrè bóyá ọmọ náà lẹ́wà. Ohun tí wọ́n máa ń bèèrè ni, “Kí ló máa ń pa á lẹ́kún nígbà tó wà ní kékeré?” Inú ìdáhùn yẹn lorin ti ń jáde. Wọn ò kàwé, èmi ọmọ ilé ìwé ni mò ń bá wọn kọ ọ́.

Lọ́dọọdún tí kajú bá gbó, àwọn ará Íńdíà máa ń wá rà á. Àgbàlagbà onírùngbọ̀n funfun kan wà nínú wọn tó máa ń kọrin fíìmù ilẹ̀ wọn nídìí òṣùwọ̀n. Èdè Urdu ni, ẹnìkan ò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n Bàbá a máa jókòó tì í. Faransé tí kò délé tí kò dóko làwọn méjèèjì fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà ní akéwì kan tó ti kú ló kọ orin yẹn, pé nílẹ̀ àwọn, akéwì máa ń fi orúkọ ara rẹ̀ sí ẹsẹ ìparí, kí ewì rẹ̀ má bàa sọnù bí ewúrẹ́ tí kò lókùn lọ́rùn. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Láti ọjọ́ náà ni orúkọ wọn ti ń wà níparí gbogbo orin wọn.

Ọ̀kan ju gbogbo wọn lọ. Ọmọ wọn obìnrin, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ni wọ́n ṣe é fún nígbà tó ń lọ sílé ọkọ:

Ọ̀nà Bétérou, rọra,
ọmọ tó ń bọ̀ kò tíì rìn ọ́ rí.

Ọdún kejì, ó kú sórí ìkúnlẹ̀, òun àti ọmọ inú rẹ̀. Háà, ikú ò ṣeun! Oṣù mẹ́ta ni Bàbá ò fi kọrin. Nígbà tí wọ́n máa lanu, ẹsẹ ìparí orin náà ni wọ́n tún ṣe, wọ́n fi orúkọ ọmọ wọn obìnrin náà ti orúkọ tiwọn. Wọ́n ní, “Kò fi ọmọ sílẹ̀ tí yóò máa pè é. Orin yìí ni ọmọ rẹ̀.”

Olórin kan gun alùpùpù wá láti Parakou. Ó ti gbọ́ orin náà níbi ìgbéyàwó, ó fẹ́ fi í sínú fíìmù. Ohun kan péré ni Bàbá bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀: “Kó ṣáà ti dé ìparí.” Wọ́n ní kí n dà á kọ fún un. Mò ń kọ ọ́ lọ́wọ́ làwọn ẹgbẹ́ mi ń pè mí níta pé ká lọ ká máńgòrò. Ojú ìwé kún, ó sì ku ẹsẹ kan. Mi ò já òmíràn. Mo ká ìwé náà, mo nà án sí olórin.

“Ó ti parí?” Bàbá bi mí.

“Ó ti parí, Bàbá.”

Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni fíìmù náà jáde. Olùkọ́ wa gbé tẹlifísọ̀n sábẹ́ igi lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, gbogbo àdúgbò pé. Bàbá dé fìlà funfun tí wọ́n fi ń kírun Jímọ̀, iwájú pátápátá ni wọ́n jókòó. Bí ìyàwó inú fíìmù ṣe gun alùpùpù lorin bẹ̀rẹ̀, àwọn ènìyàn hó yèè. Ètè Bàbá ń bá a lọ. Nígbà tó ku díẹ̀ kí ẹsẹ ìparí dé, wọ́n gbọ́wọ́ sókè pé ká dákẹ́. Orin náà dúró. Ọkùnrin kan nínú fíìmù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó fẹ́ rà.

Ọwọ́ wọn ṣì wà lókè. “Bóyá wọ́n á padà wá kọ ọ́,” wọ́n ní.

A wò ó tán. Nígbà tí orúkọ àwọn ènìyàn ń gòkè lójú tẹlifísọ̀n, wọ́n di apá mi mú. “Akọ̀wé mi, wò ó dáadáa. Ṣé o rí wa?”

“Mi ò rí yín, Bàbá.”

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú wọn nídìí kajú, mo jẹ́wọ́. Ọwọ́ wọn dúró. Mò ń retí ìgbátí. Wọ́n wò mí, wọ́n bi mí jẹ́jẹ́ pé, “Máńgòrò yẹn, ṣé ó dùn?”

Wallahi, ìgbátí ìbá sàn. Mo sunkún títí ohùn mi fi há. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fẹnu kọ ẹsẹ ìparí, wọ́n ní kí n gbà á lẹ́nu àwọn. Mo na ọwọ́ sí kayé, wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi.

“Má kọ ọ́. Ìwé a máa kún. Orí kì í kún.”

Wọ́n ti lọ bá ọmọ wọn báyìí. Orin náà wà lórí fóònù gbogbo ènìyàn láti Tchaourou dé Parakou, olórin yẹn ni wọ́n sì ń sọ pé ó ni ín. Inú máa ń bí mi, ṣùgbọ́n ta ni kí n bínú sí? Ọwọ́ mi yìí náà ni. Níbi ìgbéyàwó, bí wọ́n bá kọ ọ́ tí wọ́n dúró, èmi a dìde parí rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ á ní, “Tata, àǹtí wa yìí, tún ti bẹ̀rẹ̀!” Kí wọ́n máa wí. Bí ẹ bá ń wá orúkọ Bàbá nínú ohun tí mo kọ yìí, ẹ ò ní rí i. Wọ́n ní kí n má kọ ọ́.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ mi obìnrin ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé, ó ń kọ orin Ọ̀nà Bétérou. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń tẹ́tí. Ó kọ ọ́ dé ibi tí fíìmù ti dúró. Ó da omi abọ́ nù, ó mí kanlẹ̀, ó pe orúkọ méjèèjì.