Orúkọ Tí Rẹ́kọ́ọ̀dù Ń Pè

"Àṣàkẹ́. Àṣàkẹ́. Àṣàkẹ́."

Rẹ́kọ́ọ̀dù náà ti há. Ohùn ọkùnrin tó ń kọrin nínú rẹ̀ ń pe orúkọ kan ṣoṣo náà, abẹ́rẹ́ sì ń ta kẹ́ láàárín ìpè kan sí èkejì. Màmá gbé ọwọ́ kúrò nínú àwo ẹ̀gúsí tí a jọ ń bó, wọ́n wò mí.

"Wọ́n ń pè é. Ṣé o ò gbọ́ ni?"

"Màmá, èmi kọ́ ni Àṣàkẹ́."

"Mo mọ̀. Òun ni kò sí nílé. Bá a jẹ́ ẹ."

Mo kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì níwájú ẹ̀rọ náà. "Sà!" Ohùn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde. Màmá wá fi ìka kan ti orí abẹ́rẹ́ síwájú díẹ̀, orin sì ń bá tiẹ̀ lọ, bí ẹni pé ohun tó ń dúró dè ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà, ní Òkokomáìkò, nínú ilé gígùn kan tí yàrá kọjú sí yàrá. Màmá kì í ṣe ìyá mi; yàrá wọn ló kọjú sí tiwa. Wọ́n ń dá gbé. Òórùn káńfọ̀ àti ti eruku tó ti gbóná lára ẹ̀rọ ló máa ń pàdé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ṣénjà ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ náà. Lórí apá rẹ̀, níbi tí abẹ́rẹ́ wà, wọ́n máa ń gbé kọ́bọ̀ àtijọ́ kan lé e, èyí tó ní ihò láàárín. Rẹ́kọ́ọ̀dù yòówù kí wọ́n fi sí i, kọ́bọ̀ yẹn á wà níbẹ̀. Tó bá kan ti Àṣàkẹ́ nìkan, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á dì í mọ́wọ́. N kò béèrè ìdí rẹ̀. N kì í béèrè nǹkan.

Nígbà ayé ọkọ wọn, olórin kan ṣeré fún un, ó sì ki gbogbo ilé náà sínú rẹ́kọ́ọ̀dù: bàbá, ìyá, ọmọ mẹ́ta. Bó bá dárúkọ bàbá, Màmá á ní, "Ó ń sinmi." Bó bá kan àwọn fúnra wọn, wọ́n á ní, "Mo wà ńbí o." Ti àwọn ọmọ méjì tó wà lókè òkun, wọ́n á ní, "Wọ́n ní àwọn ń bọ̀." Lẹ́yìn náà ló máa ń kan Àṣàkẹ́, tó kú lọ́mọ ọdún méje. Èmi ni Màmá máa ń ní kí n bá a jẹ́ ìyẹn.

"Ìwọ tí gbogbo ilé ní o ò lẹ́nu yìí," wọ́n sọ fún mi lọ́jọ́ kan, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, "ohùn ẹ bá ti Àṣàkẹ́ mu wẹ́kú."

Inú mi dùn. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ ohùn mi rí.

Ọjọ́ tí ìyá mi ti ẹnu ọ̀nà gbọ́ tí mo ń jẹ́ ẹ, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni, wọn ò tíì bọ́ aṣọ funfun. Wọ́n fà mí létí wọlé.

"Ta ló pè ẹ́ tó o jẹ́?"

"Rẹ́kọ́ọ̀dù ni, mà."

"Òkú ni! Ìwọ̀nba ohùn tó o ní yìí, ṣé o fẹ́ kí ó gbà á lọ ni?"

Wọ́n da omi àdúrà lé mi lórí. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ tẹ ẹsẹ̀ mi síbẹ̀ mọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí mo ti ilé ìwé dé lọ́sàn-án, ìyá mi ò sí nílé, tí mo gbọ́ ọ láti yàrá Màmá. Àṣàkẹ́. Àṣàkẹ́. Mo jẹun, ó ń pè é. Mo fọ abọ́, ó ń pè é. Mo rò pé èmi ni Màmá ń dúró dè, pé wọ́n ń fi orí kunkun pè mí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dìde, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tún jókòó. Nígbà tó yá, wọ́n mú iná lọ. Ohùn ọkùnrin náà fà, ó wúwo, ó rọlẹ̀ bí ohùn ẹni tó wà nísàlẹ̀ kànga, ó sì dákẹ́.

Ìyá mi ló lọ kanlẹ̀kùn nígbà tí wọ́n dé. Màmá wà lórí àga, àwo ẹ̀gúsí wà lórí ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n ti kú. Kọ́bọ̀ oníhò náà wà nínú ọwọ́ wọn tó dì. Bóyá wọ́n ṣì wà láàyè nígbà tí mo kọ́kọ́ dìde, kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi.

Nígbà tí àwọn ọmọ Màmá ti òkè òkun dé, tí wọ́n ń kó ẹrù dà nù, ìyá mi lọ mú rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn, wọ́n tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa. Wọn ò sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí dòní.

Lọ́dún yìí, mo lọ ra ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù kékeré kan ní ọjà Alábà, àlòkù, èyí tí kò wọ́n. Ọkùnrin tó ń tà á wò mí títí.

"Àǹtí, ọmọdé bíi yín! Fóònù yín ò mọ orin kọ ni?"

Mo kàn rẹ́rìn-ín. Ó so ó mọ́ sípíkà kan, ó fẹ́ eruku orí abẹ́rẹ́ kúrò.

"Apá ẹ̀ fúyẹ́ o. Tó bá ń há, ẹ gbé kọ́ìnì lé e lórí, á kọjá wẹ́rẹ́."

"Kọ́ìnì ni kì í jẹ́ kó há?"

"Ẹ ò rí i pé ẹ lẹ́nu! Bẹ́ẹ̀ ni. Ọgbọ́n àwọn àgbà ni."

Màmá mọ̀ nígbà náà. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń yọ kọ́bọ̀ yẹn ni, kí olórin náà má baà lè kọjá níwájú ọmọ wọn láìdúró.

Nínú yàrá mi ní Ìbà, mo fi rẹ́kọ́ọ̀dù tí mo mú lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá mi sí i, mo sì kọ́kọ́ gbé kọ́ìnì lé apá rẹ̀. Ó pe Àṣàkẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó kọjá lọ, bí ẹni tó yọjú sílé tí kò dúró gbọ́ bóyá èèyàn wà níbẹ̀. Mo dá abẹ́rẹ́ padà. Mo yọ kọ́ìnì, mo dì í mọ́wọ́.

"Àṣàkẹ́. Àṣàkẹ́. Àṣàkẹ́."

Mo kúnlẹ̀. Mo rántí omi àdúrà tó ń ṣàn wọ ojú mi. "Sà!" Ohùn mi kún inú yàrá. Mo na ìka láti ti abẹ́rẹ́ náà, ṣùgbọ́n kí ọwọ́ mi tó dé ibẹ̀, ó ti kọjá. Bóyá mo mi tábìlì ni. N kò mọ̀.

Ojú ṣì máa ń tì mí láti sọ̀rọ̀. Àmọ́ bí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń pe orúkọ kan ṣáá ládùúgbò wa, tí kò sẹ́ni tó jẹ́ ẹ, n kì í jókòó mọ́. Mo máa ń lọ kanlẹ̀kùn.