Ilé Dùrùsílà Lórí Ilẹ̀ Onílẹ̀

Ilé pákó ni Dùrùsílà Ínísì ń gbé ní erékùṣù Bàbédọ́ọ̀sì. Orí òkúta ni wọ́n gbé e kà, wọn ò rì í mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ilé gbogbo òṣìṣẹ́ oko ìrèké rí: ilé ni tiwọn, olóko ló ni ilẹ̀. Ẹni tó bá ṣì lè ro oko ló ń rí ibi gbé ilé kà.

Nígbà tí orúnkún Dùrùsílà kọṣẹ́, Wìlímọ̀tì Dáúnì, alábòójútó oko, gun ẹṣin wá. Aláwọ̀ funfun ni, ṣùgbọ́n inú ìṣẹ́ ni wọ́n bí i sí. Òun àti Dùrùsílà jọ ń jẹ òkà àgbàdo nínú abọ́ kan náà ní kékeré. Nígbà tí wọ́n dàgbà, wọ́n gbé Wìlímọ̀tì gun ẹṣin, wọ́n fi ọkọ́ lé Dùrùsílà lọ́wọ́. Àwọ̀ ara nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

Wìlímọ̀tì ò sọ̀kalẹ̀. "Dùrù, wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé kí o gbé ilé rẹ kúrò. Àwọn tó lè ṣiṣẹ́ ń wá ibi tí wọ́n máa gbé."

"Ilẹ̀ tí mo fi egungun mi ro?"

"Èmi kọ́ ni mo ni ín."

"Mo mọ̀. Ẹṣin yẹn ńkọ́, ṣé tìrẹ ni?"

Wìlímọ̀tì ń wo etí ẹṣin. "Tí mo bá kọ̀, ẹlòmíì ni wọ́n máa rán wá."

"Ìyẹn ni mo ṣe ń bá ọ sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́."

Lọ́jọ́ Àìkú, àwọn aládùúgbò tú ilé náà ní pákó-pákó, wọ́n dì í sórí kẹ̀kẹ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, wọ́n sì tún un tò sórí àpáta létí òkun, níbi tí ìrèké ò ti lè hù. Wọ́n jẹ ẹja díndín, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì tètè lọ, torí iṣẹ́ ọjọ́ kejì.

"A máa wá kí ọ," ni wọ́n wí. Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa, àmọ́ ọ̀nà jìn, ìrèké kì í sì í jẹ́ kéèyàn sinmi. Ọmọ Dùrùsílà kan ṣoṣo ti lọ gé ìrèké ní Kúbà, ìyá ò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Ó gbin ànàmọ́, atẹ́gùn oníyọ̀ jó o gbẹ. Adìyẹ rẹ̀ ló wá ń bá sọ̀rọ̀.

Ní ìdájí tí atẹ́gùn bá fẹ́ láti ìhà oko, ó máa ń gbọ́ agogo iṣẹ́. Yóò ti dìde, yóò ti wé gèlè, kó tó rántí pé kò sẹ́ni tó ń retí òun. Yóò wá jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, tòun ti gèlè lórí, títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.