Bàbá Má-fọwọ́-kàn-án Nídìí Ẹ̀rọ Ìtajà

Ọjọ́ tí wọ́n ṣí ẹ̀rọ tó ń ta iṣẹ́ ọnà níwájú ibùdókọ̀ wa, alága ìlú na ìka láti tẹ̀ ẹ́. Kí ìka tó débẹ̀, pàá! Bàbá Má-fọwọ́-kàn-án ti fi áńkáṣíìfù gbá a lọ́wọ́.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án!"

Alága wo ìka rẹ̀, ó wo bàbá. "Bàbá, ẹ̀rọ tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀ ni o."

"Mo mọ̀, sà. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fún mi, màá bá yín sọ fún un."

Ẹ má bá a wí jàre. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ló ti ń ṣọ́ gbọ̀ngàn tí wọ́n ń pàtẹ iṣẹ́ ọnà sí, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju kó jókòó, kó máa pariwo gbólóhùn kan yẹn mọ́ ẹni tó bá nawọ́. Ó ti wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀. Nílé rẹ̀, àlejò ò gbọdọ̀ fẹ̀yìn ti àga. Ìyàwó rẹ̀ gan-an, amọ̀kòkò ni, gbọ̀ngàn yẹn náà ni wọ́n ti pàdé. Obìnrin náà gbé ife amọ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ mọ wá, ó gbé e kalẹ̀, ó fẹ́ tún un gbé kó dúró dáadáa, ni ọkùnrin yìí bá figbe ta.

"Èmi ni mo mọ ọ́n!"

"Kẹ́ ẹ tó gbé e kalẹ̀ nìyẹn, aǹtí."

Obìnrin náà bú u dáadáa. Orí ló mọ ìdí tó fi padà fẹ́ ẹ.

Nígbà tí òrùlé gbọ̀ngàn bẹ̀rẹ̀ sí í jò, ìgbìmọ̀ ìlú kó gbogbo iṣẹ́ ọnà sínú ìsọ̀ onígíláàsì tí kò ní olùtajà; ẹ̀rọ tí mo ń wí nìyẹn. Ojú rẹ̀ dà bíi ti fóònù ńlá. Tó o bá tẹ̀ ẹ́, á fi iṣẹ́ hàn ọ́, á sọ ẹni tó ṣe é. Tó o bá sanwó, ilẹ̀kùn kékeré á ṣí. Ife ìyàwó bàbá ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ ní bí ọjà ò bá tà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, àwọn á gbé ẹ̀rọ náà lọ sí ìlú mìíràn. Báwo ni yóò ṣe tà, nígbà tí bàbá ti gbé àga lọ síbẹ̀, tẹ́nikẹ́ni ò rán an níṣẹ́, tó ń lé oníbàárà?

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ kò pariwo. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi bá a sọ̀rọ̀.

"Bàbá ilé, bí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ yẹn lọ, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa ni ife mi ń padà bọ̀. Mi ò lè máa mọ ife fún òkùnkùn. Màá fiṣẹ́ sílẹ̀ ni."

Ọ̀rọ̀ náà dun bàbá wọra. Kò lè jẹun.

Ní ọjọ́ kejì, ó gbé bàsíà omi, ọṣẹ àti táwẹ̀lì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ.

"Ẹ fọwọ́ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án!"

"Bàbá, ṣé mo fẹ́ jẹun ni?" awakọ̀ kan bi í.

"Ẹni tó fẹ́ jẹun ń fọ ọ̀kan. Ìwọ, fọ méjèèjì."

Bí ilẹ̀kùn kékeré bá wá ṣí, wàhálà mìíràn dé. "Ọwọ́ méjì! Ọwọ́ méjì ni kó o fi gbé e! Níbo lò ń gbé? Ọ̀nà ibẹ̀ ṣé ó dáa?" Ó tẹ̀ lé aránṣọ kan tó ra ife dé ilé. Ó mi tábìlì tí ìyẹn fẹ́ gbé e lé, ẹsẹ̀ tábìlì ò dúró dáadáa. Bàbá fìdí kalẹ̀, ó ní òun ò lọ àfi tí wọ́n bá pe káfíńtà.

Àwọn èèyàn wá ń wá wo bàbá ṣe eré. Ṣùgbọ́n tó o bá ti fọwọ́, tó o nù ún, ojú á tì ọ́ láti lọ lọ́wọ́ òfo. Nígbà tí òjò fi máa rọ̀, ìsọ̀ ti ń ṣófo, ìyá, ìyàwó rẹ̀, ti ń ráhùn ẹ̀yìn ríro nídìí amọ̀, ìgbìmọ̀ ò sì dárúkọ ìlú mìíràn mọ́.

Ojú oorun ni bàbá kú sí lọ́dún tó kọjá. Ó dùn wá o, ká má parọ́. Nígbà tá a lọ kí ìyá kú ọ̀fọ̀, èrò pọ̀ ju ife inú ilé lọ, làwọn aládùúgbò bá sáré relé lọ mú tiwọn wá. Wọ́n bu omi káàkiri. Ìyá gbójú sókè, ife tó fọwọ́ ara rẹ̀ mọ ló rí lọ́wọ́ gbogbo èèyàn. Kò sí ẹni tó fi ọwọ́ kan mú un.

Ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Látọjọ́ yìí, ṣé ẹ ò fọ́ ìkankan ni?"

"Ta ló tó bẹ́ẹ̀, mà?" awakọ̀ yẹn dáhùn.

Ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n bu omi fún òun náà.