Ọkùnrin tó ń gbọ́ tìyàwó mi

Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, bí ìyàwó mi bá ti jókòó, ọkùnrin yẹn á pa fóònù rẹ̀, á ní, "Mò ń gbọ́ yín." Iṣẹ́ rẹ̀ ní Okokomaiko nìyẹn, kó máa gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn. Èmi tí gbogbo ọjà Alábà Rago ń dákẹ́ gbọ́ tí mo bá ń ta àgbò, mo bá ìyàwó mi wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo ní kí ọkùnrin náà gbà á nímọ̀ràn kíá. Ó rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀."

Mo jowú, mi ò ní purọ́. Nígbà tá a délé, mo ní kí ìyàwó mi sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ fún èmi náà.

"Látìgbà tí màámi ti kú..."

"Ṣé ìyẹn náà ni? Èmi náà sìnyá mi, mo pa màlúù méjì."

Ó dìde, ó ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Àlájì. Ọjọ́bọ̀ ò ní pẹ́ dé."